Àpò Ẹsáǹsì Inú Ọkọ̀ Asáré: Ìtàn Ohun Tí A Dá Ọjọ́ Fún

Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 1987, ní ìlú Maranello ní orílẹ̀-èdè Itálì, Enzo Ferrari pe àwọn oníròyìn jọ láti fi ọkọ̀ tuntun kan hàn wọ́n. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni bàbá náà nígbà yẹn. F40 ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà, nítorí pé ó pé ogójì ọdún tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ orúkọ Ferrari ti jáde ní 1947. Ní oṣù kẹjọ 1988 ni Enzo Ferrari kú. Kò tún fọwọ́ sí ọkọ̀ tuntun mìíràn lẹ́yìn èyí. Bí ẹni kọ́ ọkọ̀ eré ìje ni wọ́n ṣe kọ́ ọ: kò sí kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ rẹ̀, kò sí rédíò nínú rẹ̀, okùn lásán ni ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ ń fà kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó lítà mẹ́ta, síbẹ̀ ó ní agbára ẹṣin 478, ó sì lè sáré dé kìlómítà 324 ní wákàtí kan. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀tún àti ti òsì, níwájú àwọn táyà ẹ̀yìn, wọ́n fi àpò rọ́bà kan pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́ta lítà ẹsáǹsì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà.

Ìtàn àwọn àpò wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tí ń kọ̀wé nípa F40 a máa sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa eré rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni a sì ń gbọ́ nípa ohun tí ó gbé ẹsáǹsì rẹ̀ dúró. Bẹ́ẹ̀, àpò náà ni ó ń pinnu lónìí bóyá ọkọ̀ tí owó rẹ̀ ti kọjá mílíọ̀nù méjì yúrò lè jáde kúrò nínú gárájì tàbí kò lè jáde. Òǹkàwé wa lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó Yúróòpù ni èyí, pé kò kan ẹni tí ń rìn láàárín Kétu àti Pọ́bẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀ ní ti owó. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ń bójú tó ohun àjogúnbá ni tiwa, ìbéèrè tí ó wà nínú àpò yìí sì ni èyí tí a ń bá wọ̀yá ìjà nígbà gbogbo: bí ohun tí a fẹ́ pa mọ́ bá ní ẹ̀yà ara kan tí kò lè dàgbà, kí ni pípa á mọ́ túmọ̀ sí?

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àpò, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa rọ́bà fúnra rẹ̀. Rọ́bà kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní nǹkan bí ọdún 1894, ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú igbó ẹ̀yìn Èkó láti máa ṣá igi kan tí àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ń pè ní Funtumia elastica, kí wọ́n lè gbe oje rẹ̀. Oje náà ni ó ń di rọ́bà. Nígbà tí yóò fi di 1895, rọ́bà ti wà lára ọjà pàtàkì tí ọkọ̀ ojú omi ń kó ní Èkó lọ sí Yúróòpù. Wọ́n ṣá àwọn igi náà láìfún wọn ní ìsinmi títí ọ̀pọ̀ fi kú, ọjà náà sì wó láàárín ọdún díẹ̀. Rọ́bà yìí wúlò fún táyà kẹ̀kẹ́ àti fún aṣọ òjò, ṣùgbọ́n àìlera kan wà lára rẹ̀: ẹsáǹsì ń jẹ ẹ́. Bí ẹsáǹsì bá kàn án, á mu ún bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi, á wú, á rọ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà tí ó gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1844 lórí bí a ṣe ń fi imí-ọjọ́ àti iná se rọ́bà kí ó lè le dáadáa, kò rí ojútùú sí èyí. Ó kú ní 1860 pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ táyà tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, 1898 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n kàn fi bu ọlá fún un ni, kò sí ìbátan láàárín wọn. Ní àwọn ọdún 1930 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì ṣe rọ́bà àtọwọ́dá kan tí à ń pè ní nitrile, tí ẹsáǹsì kì í tètè jẹ. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe láti máa fi rọ́bà gbé ẹsáǹsì.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tilẹ̀ sọ àìlera rọ́bà inú igi di ohun èlò. Wọ́n fi rọ́bà ṣe àgbá ẹsáǹsì ọkọ̀ òfurufú ogun ní ìpele-ìpele, wọ́n sì fi rọ́bà tútù tí a kò tíì se sí àárín. Bí ọta ìbọn bá gún àgbá náà, ẹsáǹsì tí ń tú jáde á kan rọ́bà tútù yìí, òun náà á wú, á sì dí ihò náà fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú Zero ti ilẹ̀ Japan kò ní irú àgbá bẹ́ẹ̀ nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Ó fúyẹ́ nítorí èyí, ó sì yára lójú òfurufú, ṣùgbọ́n ọta díẹ̀ ti tó láti sọ ọ́ di ògùṣọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí rọ́bà tọ́ sí nínú ogun náà, kí ó wo iye àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ òfurufú tí ó padà sílé láàyè pẹ̀lú ihò lára àgbá ẹsáǹsì wọn.

Ọdún 1964 ni ọ̀rọ̀ náà kúrò lójú òfurufú wá sí orí ilẹ̀, ikú ni ó sì mú un wá. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, ní Charlotte ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ Glenn Roberts dojú dé nínú eré ìje World 600, ó sì gbiná. Fireball ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkùnrin yìí, èyí tí ó túmọ̀ sí bọ́ọ̀lù iná. Kì í ṣe iná ọkọ̀ ni ó fún un lórúkọ náà. Bí ó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù baseball tagbáratagbára nígbà èwe rẹ̀ ni. Wọ́n yọ ọ́ jáde láàyè, ṣùgbọ́n ó kú ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ 2 oṣù keje. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn ìjàǹbá ti Charlotte, ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún, ní Indianapolis, eré ìje ńlá ti 500 máìlì kò tíì ju ìyíká kejì lọ nígbà tí ọkọ̀ Dave MacDonald yí mọ́ awakọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ tí ó sì lọ kọlu ògiri. Ẹsáǹsì rẹ̀ bú gbàmù. Ọkọ̀ náà padà yọ́ wá sí àárín ọ̀nà pẹ̀lú iná, Eddie Sachs tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ríbi yà sí. Àwọn méjèèjì kú. Èéfín dúdú bo apá kan pápá náà, wọ́n sì dá eré dúró. Láti 1911 tí wọ́n ti ń sá eré ìje náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìjàǹbá yóò dá a dúró. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, A. J. Foyt sì gba ife ẹ̀yẹ.

Lẹ́yìn àwọn ikú wọ̀nyí ni àwọn olùṣàkóso eré ìje ní Amẹ́ríkà kọ̀yìn sí àgbá onípáànù. Páànù a máa ya bí ó bá forí sọ nǹkan. Àpò rọ́bà tí a fi aṣọ líle hun sínú rẹ̀ a máa tẹ̀, a máa rọ́, a sì tún máa gbé ẹsáǹsì rẹ̀ dúró. Àwọn ilé iṣẹ́ táyà, Firestone àti Goodyear, tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ̀ òfurufú, ni wọ́n wá ṣe é fún ọkọ̀ ilẹ̀. Wọ́n tún ki kàǹrìnkàn sínú àpò náà, kí ẹsáǹsì má baà máa rú síhìn-ín rú sọ́hùn-ún, kí iná tí ó bá sì wọlé má baà lè tàn káàkiri lẹ́ẹ̀kan náà.

Yúróòpù kò tètè gbọ́n. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 1967, Lorenzo Bandini, ọmọ Itálì tí ń wa ọkọ̀ Ferrari, kọlu ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nínú eré ìje Monaco. Ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé, iná sì ràn mọ́ ọn láàárín koríko gbígbẹ tí wọ́n dì sí etí ọ̀nà, tí wọ́n rò pé yóò gba àwọn awakọ̀ lọ́wọ́ ewu. Ó kú ní ọjọ́ kẹta. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ní 1970 ni òfin Formula 1 wá pàṣẹ àpò rọ́bà fún gbogbo ọkọ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Maranello fi àpò rọ́bà méjì sínú F40 ní 1987, kì í ṣe àṣà lásán ni wọ́n tẹ̀lé. Ọ̀kan lára àwọn tí ó kú fún àìsí irú àpò bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé wọn ni.

Òfin eré ìje kò fi mọ sí pé kí a lo àpò. Àjọ àgbáyé tí ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀, FIA, pàṣẹ pé kí a kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe àpò náà àti ọjọ́ tí ó ṣe é sí ara rẹ̀. Bí ọdún márùn-ún bá ti pé láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fi sáré mọ́, àfi bí ẹni tí ó ṣe é bá yẹ̀ ẹ́ wò tí ó sì fún un ní ọdún méjì kún un. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí òfin yìí. Àwọn tí ó ṣe àpò náà mọ̀ pé yóò kú. Wọn kò fi pamọ́, wọn kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni; wọ́n kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí i lára kí ẹni tí ó bá mọ ìṣirò lè mọ ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá. Nínú eré ìje, èyí kò ni ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé ọkọ̀ eré ìje kì í dàgbà. Á sáré fún ọdún kan tàbí méjì, a ó sì ṣe òmíràn tí ó yára jù ú lọ. Ọdún márùn-ún gùn ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ bíi F40 ni ó da ètò yìí rú. Iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti eré ìje, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ jẹ́ ti ojú ọ̀nà, àwọn tí ó rà á kò sì ní i lọ́kàn láti jù ú nù lẹ́yìn ọdún méjì. Láàárín 1987 àti 1992, èyí tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀ lé ní 1,300. Ọdún mẹ́wàá ni a sábà máa ń kà fún àpò inú rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò náà wò: kí ọdún 2003 tó wọlé, kò yẹ kí àpò kan ṣoṣo nínú àwọn tí wọ́n fi kọ́ ọkọ̀ wọ̀nyí ṣì máa gbé ẹsáǹsì. McLaren F1, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe 106 péré láàárín 1992 àti 1998, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀ ni àpò tirẹ̀ wà, níwájú ẹ́ńjìnnì. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni a gbọdọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀, a kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìkọ́kọ́ sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé eré sísá ni ó ń gbó àpò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdúró sójú kan ni ó ń pa á. Àwọn òróró kan wà nínú rọ́bà tí ń jẹ́ kí ó rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹsáǹsì ń fà wọ́n jáde, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí rọ́bà náà bá ṣì wà nínú ẹsáǹsì, ẹsáǹsì náà á dúró nípò òróró tí ó jí, rọ́bà á sì máa rọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ọjọ́ tí ó bá gbẹ ni àṣírí máa ń tú. Á sún kì, á le, á sì là níbi tí wọ́n gbé ṣẹ́ ẹ po àti ní àyíká ẹnu irin tí wọ́n so mọ́ ọn. Nítorí náà, ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ rà bí ẹni ra wúrà, tí ó fi aṣọ bò tí kò sì wà á fún ọdún mẹ́jọ, tí ìdajì ẹsáǹsì sì ti fẹ́ lọ nínú rẹ̀, apá òkè àpò rẹ̀ ti gbẹ nígbà tí apá ìsàlẹ̀ ṣì wà nínú omi ìdààmú. Ìwé kìlómítà rẹ̀ á kéré, iye owó rẹ̀ á ga, àpò rẹ̀ á sì burú ju ti ọkọ̀ tí wọ́n ń wà lọ.

Ẹsáǹsì òde òní tún dá kún un. Láti 2009 ni àwọn ilé epo ní ilẹ̀ Faransé ti ń ta SP95-E10, tí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lè jẹ́ ethanol, ìyẹn ọtí tí a ń rí láti ara ohun ọ̀gbìn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ irú rẹ̀ di ti gbogbogbòò ní oṣù kẹsàn-án 2021. Ọtí yìí ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ń wọ inú rọ́bà tí a kò ṣe nítorí rẹ̀. Kàǹrìnkàn inú àpò náà kì í dúró bí ó ti wà. Á máa rún bí búrẹ́dì tí ó ti pẹ́, èérún rẹ̀ á sì máa bá ẹsáǹsì lọ dí ẹ̀rọ tí ń fa ẹsáǹsì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èyí ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú kí àpò náà tó jò: ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́, mẹkáníìkì tí kò mọ ìtàn rẹ̀ á sì máa tú ẹ́ńjìnnì wò lásán.

Ohun tí imú kọ́kọ́ ń mọ̀ ni òórùn. Ẹni tí ó bá ṣí gárájì rẹ̀ ní òwúrọ̀ tí òórùn ẹsáǹsì sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà tí yóò rí ẹ̀kán kan nílẹ̀. Nínú èdè wa, àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín “jò” àti “jó”, mo sì máa ń lo ọ̀rọ̀ méjì náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n rò pé kò pọn dandan láti fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ẹsáǹsì ń di afẹ́fẹ́ tí ó lè gbiná kódà nínú òtútù tí ó le ju ti yìnyín lọ fíìfíì. Afẹ́fẹ́ náà wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, nítorí náà kì í gòkè lọ. Ilẹ̀ ni ó ń gbà rìn bí omi, títí yóò fi bá iná pàdé níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Àwa tí a ń gbé ní ẹ̀bá ààlà Nàìjíríà kò nílò ẹni tí yóò wá kọ́ wa ní èyí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, iná tí ó ṣẹ́ yọ ní ibi tí wọ́n ń kó kpayo pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké pa ènìyàn tí ó lé ní ọgbọ̀n. Nínú F40, àwọn ẹ̀rọ méjì tí ń fún ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ a máa gbóná bí irin inú ẹwìrì, wọn kò sì jìnnà sí àwọn àpò náà. Ara ọkọ̀ náà pẹ̀lú, Kevlar àti okùn carbon tí a fi oje ike lẹ̀ pọ̀, iná ń jẹ ẹ́. Ọ̀kan jóná ní ojú ọ̀nà ní Monaco ní oṣù kejì 2020, tí ẹnì kan sì dúró sókè tí ó ń fi rọ́bà omi tí a fi ń bomi rin òdòdó da omi sí i. Fídíò náà tàn ká gbogbo ayé. Kò sí ohun tí omi náà rí gbà là.

Ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ní àgbá onípáànù kò bọ́ nínú wàhálà yìí. Ọ̀nà tirẹ̀ ni ó yàtọ̀. Ìpẹtà ni ọ̀tá rẹ̀, inú ni ó sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, nítorí omi tí ó rọra kó jọ sí ìsàlẹ̀ àgbá. Àwọn tí ó ní Lotus Esprit mọ oríṣi kejì: wọ́n gbé àgbá irin náà lé orí fóòmù kí ó má baà máa mì, fóòmù náà mu omi òjò, ó sì ń jẹ irin náà láti òde. Àwọn mẹkáníìkì wa tí ń tún àwọn ọkọ̀ “venu de France” ṣe ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́ mọ ìwà àgbá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ọṣẹ ni wọ́n fi ń dí ihò rẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn onímọ̀ Jámánì tí ó ṣe nitrile: omi ń yọ́ ọṣẹ, ẹsáǹsì kì í yọ́ ọ. Yóò gbé awakọ̀ dé ilé. Òun náà ní ọjọ́ tirẹ̀, èyí tí kò ju òjò tí ń bọ̀ lọ. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni ẹni tí yóò tú ẹsáǹsì inú àgbá dà nù tán, tí yóò wá fẹ́ jó irin mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀ nítorí pé ó rò pé ó ti ṣófo. Àgbá tí ó ṣófo léwu ju èyí tí ó kún lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ ẹsáǹsì ni ó kù sínú rẹ̀.

Fún ẹni tí ó ní F40 tàbí irú rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. Èkíní ni pé kí ó ra àpò rọ́bà tuntun tí a gé bí ti àtijọ́, kí ó sì gbà pé òun yóò tún rà á lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Èkejì ni pé kí ó ní kí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe àgbá tí yóò wọ àyè kan náà. Ọ̀pọ̀ ti ṣe èyí. Kì í gbó bí rọ́bà, ṣùgbọ́n ó ti padà sí páànù tí ó ń ya, ohun tí àwọn ará 1964 sá fún. Ẹ̀kẹta ni pé kí ó tú ẹsáǹsì dà nù, kí ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ bí ère. Àwọn kan tí ń ra ọkọ̀ wọ̀nyí fẹ́ràn ẹ̀kẹta yìí, nítorí pé ọjà ń fún ohun gbogbo tí ó wà bí ó ti kúrò ní ilé iṣẹ́ ní owó tí ó ga, wọ́n sì ka àpò ọdún 1989 sí ohun àjogúnbá.

Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Bí ikán bá jẹ igi òrùlé ilé kan tí àwọn Àgùdà kọ́ ní Àjàṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí a fi igi náà sílẹ̀ kí ó lè wó lu àwọn ọmọ ilé, nítorí pé òun ni igi tí bàbá wọn gbé síbẹ̀. A ó wá irú igi kan náà, a ó gé e ní ìwọ̀n kan náà, ilé náà á sì ṣì máa jẹ́ ilé bàbá wọn. Ẹni tí ó ṣe ilé kò kọ ọjọ́ sí ara igi òrùlé, ìdí nìyẹn tí a fi lè jiyàn lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe àpò kọ ọjọ́ sí i. Ẹni tí ó bá fi àpò tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá sínú ọkọ̀ ní orúkọ òtítọ́, àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà gan-an ni ó ń ṣàìgbọràn sí. Kì í sì í ṣe òun nìkan ni ó ń fi sínú ewu. Mẹkáníìkì tí yóò sùn sábẹ́ ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, àti aládùúgbò tí yàrá rẹ̀ wà lórí gárájì náà.

Iṣẹ́ pípààrọ̀ rẹ̀ gba sùúrù. A ó kọ́kọ́ fa ẹsáǹsì jáde tán pátápátá, ní ìta gbangba, jìnnà sí iná àti sí ohun tí ń tan iná. A ó tú àwọn páìpù kúrò, a ó sì pààrọ̀ àwọn náà, nítorí pé rọ́bà kan náà ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn kò sì yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó ká àpò àtijọ́ wọ́ jáde láti ẹnu kékeré tí ó ti wọlé. Ibẹ̀ ni èyí tí ó ti gbó gan-an máa ń ya mọ́ni lọ́wọ́, tí kàǹrìnkàn á sì dà sílẹ̀ bí gàrí. A ó nu àyè tí ó wà títí kò fi ní sí ẹnu irin mímú kan níbẹ̀ tí ó lè gún èyí tí ń bọ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ kan máa ń tọ́jú àpò àtijọ́ náà sínú àpótí pẹ̀lú ìwé ọkọ̀, kí ẹni tí yóò rà á lọ́la lè rí i pé kò sí ohun tí ó sọnù. Wọ́n á kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe àpò tuntun sílẹ̀ nínú ìwé náà, àti ọjọ́ tí wọ́n fi sínú ọkọ̀, àti ọdún tí a gbọdọ̀ tún yọ ọ́.